Ọjọ́ tí Mo Gbé Pátákó Dráfù Bàbá Mi Pamọ́

Òórùn kẹ̀lẹ̀wẹ́lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ dín, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Cow Lane, àdúgbò wa, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wàá gbọ́ dráfù tó ń dún gbà! gbà! níwájú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ta àgádágodo. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà kan tó jẹ́ ará Gà, ẹ̀yà tó ni ìlú tí à ń gbé, ló máa ń ta á lójoojúmọ́, wọn a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó wá rà.

Lọ́dún kan, wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ ìlera tí mò ń ṣe nípa àwọn àṣà tó ń di bárakú láìjẹ́ ọtí tàbí igbó. Mo gba ìwé kan nípa rẹ̀ bọ̀, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá aláìsàn. Bàbá mi ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta lóòjọ́! Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo fẹ́ràn bàbá yìí, mo sì rò pé dráfù fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Ni mo bá gbé pátákó náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Bàbá mi kò bínú. Ó wá a títí, ó sì ń tajà rẹ̀ lọ. Káfíńtà ló wá, tí kò rí pátákó, tó sì yí padà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí kò yọjú, bàbá mi lọ wò ó nílé. Kó tó padà dé, ìyá mi ti gbá yàrá mi, àṣírí ti tú.

“Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìdí dráfù nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín,” bàbá mi wí. “Ó rò pé mo ti kọ òun ni.”

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé bárakú fún un. Ó gbọ́ mi tán.

“Yoo, ó dáa. Tí ládàánì bá pe ìrun, ṣé mo máa ń jókòó?”

“Rárá, Bàbá.” Kódà bó bá kù díẹ̀ kó borí, á dìde, káfíńtà tó jẹ́ onígbàgbọ́ á sì máa ṣọ́ pátákó kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí á fi dé.

“Tí ìyá rẹ bá pè mí ńkọ́?”

“Ẹ máa ń dìde.”

“Lánàá, ó pè ọ́ wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí lo ní ò ń ṣe?”

Ojú tì mí. Ìwé bárakú ni mo ń kà.

Èmi fúnra mi ni mo gbé pátákó lọ sílé káfíńtà. Ó wò ó, ó wò mí. “Sọ fún Àlàájì pé mò ń bọ̀ wá nà án.”

Bárakú wà lóòótọ́, mo ti rí ilé tó tú ká. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú ẹjọ́ èèyàn rẹ̀ wá bá mi lónìí, kí n tó béèrè iye wákàtí, mo máa ń béèrè ẹni tó lè pè é kó dìde. Bàbá mi kò ṣàìsàn kankan. Ó kàn fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.