Àlàájà Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kọjá

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyá tó bí mi gan-an ò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, bí mi ò bá sọ ọ́ síta, ikùn mi ò ní gbà á. Ẹ sì mọ̀ pé ikùn mi kì í ṣe kékeré.

Ìyàwó mi, Ìyá Dàmi, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí àwọn tírélà tó jí, wọ́n á ti máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀ láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà láti Ọ̀gbà dé Ìkẹjà, níbi tí òórùn bisikíìtì ti ń bá òórùn ọṣẹ jà.

Àlàájà ni ààrẹ ẹgbẹ́. Ọmọ onílẹ̀ Agége ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, híjáàbù dúdú ni wọ́n sì máa ń wọ̀ sábẹ́ àṣíborí wọn. Àwọn náà ni onílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, èèyàn kì í ṣàdédé kọjá àgbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni gbogbo wọn. Bó o bá fẹ́ kọjá ẹni tó jù ọ́ lọ, wàá rọra sún mọ́ ọn, wàá tẹrí ba lórí kẹ̀kẹ́, torí kò ṣeé kúnlẹ̀, wàá kí i kú iṣẹ́, wàá wá tọrọ ọ̀nà. Onítọ̀hún á ṣàdúrà fún ọ, á sì yà fún ọ. Ṣùgbọ́n Àlàájà ńkọ́? Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ wọn rí. Ńṣe ni gbogbo wọn máa ń tò sẹ́yìn wọn bí ọjọ́ orí ṣe tò, àbúrò pátápátá lẹ́yìn. Àbúrò pátápátá náà ni ìyàwó mi. Òun náà ló yára jù nínú gbogbo wọn.

Èmi náà ò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti ń darí bọ̀ ní Sátidé, mo ti dúró lẹ́nu géètì, mo ti ń pariwo pé Àlàájà, iná ni yín! Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé irọ́ ni mò ń pa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé tiyín ni kẹ́ ẹ dá mi lẹ́jọ́.

Bí Àlàájà ṣe kéde pé ẹgbẹ́ ń lọ sí ìdíje kẹ̀kẹ́ ní Ṣágámù nìyẹn. Wọ́n ní kò sí obìnrin kan ní Agége tó kọjá àwọn rí, ó sì tó àkókò kí àwọn ará ìta náà wá wò ó. Ta ló fẹ́ jiyàn? Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìyá Dàmi ò sùn nítorí ayọ̀. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń ṣe ipò kẹrin nínú eré sísá, wọn kì í sì í fún ipò kẹrin ní nǹkan kan àfi àtẹ́wọ́. Ó ní mẹ́dáàlì kan ṣoṣo lòun ń fẹ́ láyé òun, ipò kẹta náà tó òun. Mo ní kó lọ gba mẹ́dáàlì ẹ̀, kó ṣáà má kọjá Àlàájà. Ó wò mí. Ó ní báwo ni ìyẹn ṣe máa ṣeé ṣe? Mo ní kó fi ọgbọ́n ṣe é. Èmi, ọkùnrin tó kàwé, tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ní Computer Village, ni mo la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì tó kó wa lọ. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkùnrin du tiwọn, ọjọ́ Sọ́ńdè ló kan àwọn obìnrin. Àwọn ọmọge tó wá láti Ìbàdàn ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Àwọn tiwa ṣí kúlà, wọ́n ń pín ọ̀jọ̀jọ̀ àti mọ́ínmọ́ín. Ní òtẹ́ẹ̀lì, Àlàájà ò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọn sùn síta. Orí bẹ́ẹ̀dì kejì ló sùn.

Nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn tó ṣètò ìdíje náà ní kí ọkọ̀ kankan má tẹ̀ lé àwọn obìnrin o. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó máa gbé omi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, níwájú dáadáa. Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n yàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìyàwó mi ló ròyìn rẹ̀. Wọ́n fọn fèrè, àwọn tiwa sì tò sẹ́yìn Àlàájà bí wọ́n ṣe máa ń tò. Kò pẹ́ ni ọmọge Ìbàdàn kan fò kọjá fìrì! Kò kí ẹnikẹ́ni. Òmíràn tún kọjá, òun náà ò kí ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rò pé àwọn tiwa lé wọn? Rárá o. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Irú ọmọ wo nìyẹn? Ta ló bí i? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn náà ń kọjá.

Ìyá Dàmi wò ó títí, ara ò gbà á mọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ọ̀nà láti ẹ̀yìn. Ẹni àkọ́kọ́ yà fún un kíá. Ẹnì kejì gba àdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ọmọ, ó gbàdúrà fún ọkọ, kò sì ṣeé kọjá kó tó ṣe àmín. Ẹnì kẹta bi í pé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ẹ̀ ńkọ́. Nígbà tó yá, ó kù ú ku Àlàájà.

Ó rọra sún mọ́ wọn. Ó tẹrí ba. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kọjá."

Àlàájà wò ó, wọ́n tún wojú ọ̀nà.

"Ó dáa. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ, gba omi mi wá."

Ṣé ó yé yín? Wọ́n rán an níṣẹ́! Láàárín ìdíje!

Ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ti kọjá wọn, ó ń já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi rí i lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọge Ìbàdàn méjì yẹn nìkan ló ti ré mi kọjá. Ipò kẹta! Mo ń fò sókè, mo ń ju fìlà. Ló bá tẹ bíréèkì níwájú mi.

Mo ní kí ló bàjẹ́? Ó ní nǹkan kan ò bàjẹ́, Àlàájà ní kóun gba omi wá.

Ẹ bi mí pé kí ni mo ṣe. Ṣé mo ní kó máa lọ gba mẹ́dáàlì ẹ̀? Mo mú ìgò tó tutù jù, mo fi ẹ̀wù mi nù ún, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní kó yára padà lọ fún wọn ká lè rí ilé sùn.

Ó di ìgò náà mú. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ yẹ́lò ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bọ̀ kíkankíkan.

"Dadi Dàmi," ó ní, "ṣé ẹ̀yin náà ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó dá ìgò padà sí mi lọ́wọ́, ó sì lọ.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo sáré. Èmi àti ikùn mi, nínú sálúbàtà, a sáré padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń bọ̀ níwájú ń pariwo pé kí n kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n rò pé ó wà nínú ètò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájà, mi ò lè mí dáadáa mọ́.

Wọ́n ní, "Ẹni tí mo rán ńkọ́?"

"Ó ti lọ, mà."

"Ó lọ síbo?"

"Iwájú, mà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mu omi náà tán, wọ́n dá ìgò òfìfo padà fún mi, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ.

Ìyá Dàmi ṣe ipò kẹta. Díẹ̀ báyìí ló fi ṣáájú aláṣọ yẹ́lò. Nígbà tí Àlàájà àti àwọn yòókù máa fi dé, wọ́n ti ń tú kánópì. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó bá ìyàwó mi yọ̀, torí Àlàájà ò tíì sọ nǹkan kan. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò títí a fi dé Agége. Èmi tí mò ń wakọ̀, ilé tí mo máa háyà ní Ìyànà-Ìpájà ni mò ń rò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí gbogbo ayé bá ń tò sẹ́yìn ẹnì kan, tí wọ́n ń pè é ní iná, ó yẹ kí ẹnì kan fọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná. Ta ni Àlàájà tiyín? Níbi iṣẹ́ ni, àbí ní mọ́ṣáláṣí, àbí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Ibí ni ǹ bá ti dákẹ́, bí kì í bá ṣe àárọ̀ Mọ́ńdè.

Kí oòrùn tó yọ, wọ́n kanlẹ̀kùn. Àlàájà ni, pẹ̀lú àṣíborí lórí, kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde.

"Ta ló máa ń sọ pé iná ni mí?"

Mo ní èmi ni, mà.

"Látọjọ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni ò kọjá mi rí àfi ní Ṣágámù. Mo rò pé mo yára ni. Àṣé ẹ̀ ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ ni."

Ká ní wọ́n bínú ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ onílé tó ń bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí ìyàwó mi mú mẹ́dáàlì ẹ̀ wá, wọ́n gbé e wò, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ní láti Sátidé lọ, òun ni kó máa ṣíwájú. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ìwọ, gbé kẹ̀kẹ́ ìyàwó ẹ. Bó o bá lè kọjá mi, kọjá. Má kí mi."

Ọkàn mi balẹ̀. Ṣé obìnrin tó kẹ́yìn ní Ṣágámù yìí náà ni? Mo ní màá kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú díẹ̀, kó má dà bí àrífín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ò tíì kúrò ní Ọ̀gbà tí itan mi fi ń jó bí ẹni pé wọ́n fata sí i. Nígbà tá a dé ibi àwọn ilé iṣẹ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń jáde, wọ́n mú búrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n dúró ń wò mí. Ọ̀kan bi mí pé ṣé kóun bá mi tì í ni. Híjáàbù dúdú yẹn sì ń kéré sí i níwájú. Mo fi gbogbo ohùn tó kù nínú mi pariwo pé Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.

Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn na ọwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń jù ú síwájú: ọ̀nà ṣí sílẹ̀, kí n máa kọjá.