Ẹ̀wà Inú Agbọ̀n Obì

Ìyá bàbá mi, Àtinúkẹ́, ti ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù, kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ilé wọn ní Ibido ni mo ń gbé, nítorí ó súnmọ́ ilé ìwé mi. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ikọ́ dá Màmá gúnlẹ̀. Dókítà ní èéfín igi ló fà á, wọn ò gbọdọ̀ fi igi dáná mọ́. Gáàsì ni wọ́n ń lò látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ní Àbámẹ́ta kan, gáàsì wọ́n ládùúgbò wa, ẹni tó ń tà á fún wa sì ní kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Màmá gbé àgbá gáàsì wa, wọ́n mì ín.

"Bí èyí bá tán kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, a ó padà sídìí igi nìyẹn."

Ẹ̀wà ló ń jẹ gáàsì jù nílé wa. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi láti ìdájí. Nígbà tó ti hó pẹ̀lú àlùbọ́sà fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n pa iná, wọn ò ṣí ìdérí. Wọ́n tẹ́ ewé gbígbẹ àti àkísà sínú agbọ̀n obì kan, wọ́n gbé ìkòkò náà sí i, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì fi okùn dì í bí ẹni ń di obì.

"Màmá, ṣé ó máa jinná láìsí iná?"

"Ooru tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Kó má ṣáà ríbi jáde. Ó di wákàtí mẹ́ta ká tó ṣí i."

Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn agbọ̀n obì yòókù wà, wọ́n sì lọ wẹ̀.

Kò pẹ́ ni Sàídì, alábàárù wọn, wá kó obì. Ó fọwọ́ kan agbọ̀n ẹ̀wà, ó fò sẹ́yìn. Gbogbo oníṣẹ́ obì ló mọ̀ pé bí agbọ̀n bá ti ń gbóná, obì inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nìyẹn, kíá ni wọ́n ń tú u kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́.

"Ìyá o! Ibà ń ṣe obì yín!"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ. Ó ti já okùn, ó ti ṣí ìdérí. Ooru gbá a lójú.

Màmá sáré jáde tọṣẹtọṣẹ. "Sàídì! Ta ló sọ ẹ́ di dókítà?"

"Ẹ dákun, Ìyá. N ò tíì rí obì tó ní àlùbọ́sà rí."

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá tẹ horo ẹ̀wà kan, inú rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀rín náà tán.

"Igi wà lẹ́yìnkùlé," ni Sàídì sọ. "Kí n dáná?"

"Ṣé o fẹ́ kí ikọ́ yẹn padà wá ni?"

Wọ́n tan gáàsì, wọ́n ní kí n wo aago. Ẹ̀wà náà tún hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n pa iná. Sàídì fúnra rẹ̀ ló di agbọ̀n náà, bó ṣe ń di obì tó ń lọ sí Òkè Ọya. Ní aago méjì, ẹ̀wà náà rọ̀. Sàídì jẹ abọ́ méjì.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe se ìrẹsì lọ́jọ́ kejì, àti ẹ̀wà mìíràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí gáàsì dé ní Ọjọ́bọ̀, díẹ̀ ṣì kù nínú àgbá wa. Màmá fi se omi tíì. Igi ẹ̀yìnkùlé wà níbi tó wà, alángbá ń sáré lórí rẹ̀.

Wọ́n ti so àkísà pupa mọ́ agbọ̀n yẹn báyìí, nítorí Sàídì.