Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Di Ìtọ́kọ̀ Mú ní Kent

Tí ẹ bá rí mi ní Peckham, tí mo gbé àpò ìgbòkun kọ́ èjìká, tí mò ń sáré bá bọ́ọ̀sì, ẹ má rò pé aṣọ ni mò ń tà. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń lọ wà. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ní Camberwell ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbàgbé sórí omi?" Mo ní ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ẹ̀yìnkùlé wa ni ọ̀sà wà.

Bàbá mi, apẹja, fi ìgbòkun wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yẹn fún ogójì ọdún. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Bàbá kọ́. Bí èmi bá fọwọ́ kan àjẹ̀ báyìí, Bàbá á ní, "Gbé e sílẹ̀, lọ bá ìyá ẹ yan ẹja." Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Nígbà tí Bàbá wá kí mi ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó padà sílé: kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé mo mọ ọkọ̀ wà.

Mo gbé wọn lọ sí Kent, níbi tí mò ń so ọkọ̀ mi kékeré mọ́, lójú odò tóóró tó gba ẹ̀yìn erékùṣù kan lọ sí òkun. Atẹ́gùn dára. Mo ta ìgbòkun, ọkọ̀ gbéra. Àgùntàn ń jẹ koríko létí odò lápá ọ̀tún. Mo yí ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìta omi sí wọn lára, mo sì mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa. Àgùntàn ni Bàbá ń wò. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n nawọ́. "Mú ìtọ́kọ̀ wá."

Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ̀? Mo gbé e fún wọn.

Àmì pupa kan ń léfòó níwájú, tó ní ká gba òsì. Bàbá wò ó, wọ́n kọrí ọkọ̀ sí ọ̀tún kí a lè gba àbùjá. Omi ti ń fà padà sí òkun láti àárọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Bàbá, omi ibí yìí máa ń fà díẹ̀ o, sà."

"Omi ni omi ń jẹ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n, sà."

Ọmọ àbíire ni mí lóòótọ́! Ọkọ̀ rọra fi ìdí sọ ẹrẹ̀, ó dúró gbagidi.

Mo tan ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nídìí ọkọ̀, kò ràn wá lọ́wọ́. Láàárín wákàtí kan, odò ti fi wá sílẹ̀ sórí ẹrẹ̀, ọkọ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Ẹ̀pẹ́, òjò ló ń mú ọ̀sà kún, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fà á. Bàbá mi ò rí odò tó ń gbẹ ní ọ̀sán tó tún ń kún ní ìrọ̀lẹ́ rí.

"Ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀, o wá jẹ́ kí n gbé wa gun ẹrẹ̀?"

"Bàbá mi lẹ jẹ́."

Háà, wọ́n bínú! "Ta ló ń ṣe bàbá lórí omi? Bó bá jẹ́ àpáta ńkọ́? Ìkúnlẹ̀ lo máa fi gbé òkú mi jáde?"

Inú bí èmi náà burúkú. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n gbé e sílẹ̀." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi. A jẹ búrẹ́dì àti ẹja díndín tí mo dì wá.

Ìrọ̀lẹ́ ni omi padà. Ọkọ̀ mì, ó nàró. Ojú gbà mí tì nítorí ohun tí mo sọ, mo bá na ìtọ́kọ̀ sí wọn. Wọ́n mirí. Wọ́n dìde, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n rákò lọ sí ìdí ìgbòkun, wọ́n di okùn mú, wọ́n kọjú sí mi.

"Mi ò mọ omi yìí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Pàṣẹ."

Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo dúró kí ìdí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ dáadáa, mo wá pariwo, "Ẹ fà á!" Mi ò fi ẹ jọ̀ọ́ sí i.

Wọ́n fà á.