Àyè Ìjókòó Mi Nínú Tírélà

Lánàá, ní Ìbarà, jíìpù kan ń fa tírélà kékeré kọjá, tírélà náà sì ń ju ìrù sọ́tùn-ún sósì. Kíá ni òórùn ọ̀pẹ òyìnbó gba imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀pẹ òyìnbó kankan nítòsí.

Ọkàn mi padà sí oko màmá mi ní Kọ́bapẹ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ń sunkún pé mi ò lè fẹsẹ̀ rìn. Màmá mi ní kí wọ́n kó àwọn àpò ọ̀pẹ òyìnbó tó wà níwájú tírélà sẹ́yìn, kí n lè jókòó ti òun.

Bọ̀dá tó ń wa katakata tó ń fa tírélà náà kọ̀. "Mọ̀mí, iwájú ló yẹ kó wúwo, kó lè tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á máa ju ìrù bí ajá ni."

"Jọ̀ọ́, ọkọ mi, ọmọdé ni. Ṣebí ibí yìí náà là ń lọ."

Bọ̀dá gbà, wọ́n kó àwọn àpò náà sẹ́yìn. Nígbà tá a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó dùn mọ́ mi bíi jangirọ́fà. Mo pariwo pé, "Bọ̀dá, ẹ tún un ṣe!" Àfi bí tírélà ṣe ti katakata wọ kòtò, tí katakata sì dà lé Bọ̀dá lẹ́sẹ̀. Oje ọ̀pẹ òyìnbó ń ṣàn lójú títì, mo sì ń lá ọwọ́ mi.

Àwọn èèyàn sáré dé, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá mi fà mí mọ́ra.

"Búrẹ́kì ló kọ̀," ó ní.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àyè tí wọ́n ṣe fún mi ló gba ẹsẹ̀ Bọ̀dá.

Lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá wò mí láti ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Búrẹ́kì ni."