Wọ́n Fi Orúkọ Àrùn Mi Pamọ́ fún Mi

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kí n tó wá bá ọmọ tèmi gbé ní àdúgbò Sibang, ní ìlú òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí dókítà fẹ́ ṣàlàyé àìsàn mi, orí bẹ́ǹṣì ìta ni ọmọ náà fi mí sí. Ó ní kí n sinmi, òun yóò bá mi gbọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ òsì mi ni ó wú, tí mo ti ń fi omi gbígbóná jó lásán. Nígbà tí ọmọ mi jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà, pé wọn yóò máa gún mi ní abẹ́rẹ́ ní ikùn lójoojúmọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ náà fọ̀. Èmi kì í gba oògùn àìsàn tí ó ti lọ, nítorí náà mo ní kí nọ́ọ̀sì tí ń gún mi nílé má wá mọ́. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí, kò sọ ìdí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, èémí mi ké bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé mi láyà.

Dókítà, obìnrin kékeré kan, bi mí ní ilé ìwòsàn pé èé ṣe tí mo fi dá abẹ́rẹ́ dúró. Mo fi èdè Faransé dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ ti san. Ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi wolẹ̀. Ìgbà náà ni obìnrin yìí sọ ọ́ fún mi: jẹjẹrẹ wà nínú ilé ọlẹ̀ mi. Ohun tí ara fi ń dí ojú ọgbẹ́ ni jẹjẹrẹ náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń dì níbi tí ọgbẹ́ kò sí. Bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ fọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní ṣíwọ́ dídì. Èyí tí ó dì ti já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró mi.

“Ẹ má bínú, Mà,” ni ọmọ mi wí. “Àgbà ni yín. A kò fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín.”

“Ta ni ẹ wá sọ fún?”

Pásítọ̀ ti gbọ́. Àbúrò ìyàwó ọmọ mi tí ń gbé ní àdúgbò Angondjé ti gbọ́. Odidi ìjọ ni ó ń gbààwẹ̀ nítorí àrùn tí ẹni tí ó ni ín kò mọ orúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo ń gún ara mi ní abẹ́rẹ́ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ tí a bá lọ rí dókítà, ọmọ mi ni ó ń wa ọkọ̀. Bí a bá sì débẹ̀, òun ni ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì.