Gálọ́ọ̀nù Méjì Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀. Ìyàwó mi tó fojú ara rẹ̀ rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi nígbà tí mo délé, kò tíì gbà mí gbọ́ títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, káfíńtà ni. Ó pẹ́ kó tó gbéyàwó, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó rí ọmọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin fún un nílé bàbá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Bàbá ìyàwó yìí, díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tó bá ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá náà ni. Ó ní kí káfíńtà wá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Bí kò bá sì dé, òun bàbá àgbà á sọ ọ́ lórúkọ bàbá òun. Kò bínú sọ ọ́ o. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà wá.

Bẹ́ẹ̀, káfíńtà ti ní orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ yìí. Kí oyún tó dúró ló ti ń dá orúkọ náà nínú àdúrà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó ni ín á dàgbà, á sì kọ ọ́ síbi tó bá wù ú.

Àwa mẹ́ta la fẹ́ lọ: káfíńtà, èmi tíṣà, àti Bàbá Aládùúrà tó ń darí ìjọ wa. A parí àdúrà ìdájí, bọ́ọ̀sì ìjọ ní òun ò lọ. A tì í, a gbàdúrà sí i, a tún tì í.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gun máṣíìnì," káfíńtà ní. Oníkálukú sì ní tirẹ̀ níta.

Bí a ṣe wà nínú sùtánà la ṣe gorí alùpùpù. Ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Láti ilé la ti wọ̀ ọ́ wá, bàtà wa sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Epo wọ́n lọ́sẹ̀ náà. Bàbá ti tọ́jú gálọ́ọ̀nù bẹntiróò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, torí ó ní ibẹ̀ nìkan ni olè ò lè dé. (Kò sẹ́ni tó tan àbẹ́là níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.) Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé gálọ́ọ̀nù omi àdúrà tá a fẹ́ fi sọmọ lórúkọ sí. Gálọ́ọ̀nù òróró kékeré ni méjèèjì, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì mi, ó di ọ̀nà.

A ò tíì jìnnà tí táyà káfíńtà fi jò. Fọkanáísà tó bá wa lẹ̀ ẹ́ ò yé wò wá.

"Ẹ̀yin áńgẹ́lì, ìyẹ́ yín dà tẹ́ ẹ fi ń gun máṣíìnì?"

"Ó wà lọ́dọ̀ télọ̀," mo dá a lóhùn.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀fìnkìn ń bá a jà láti àná, imú rẹ̀ dí pa.

Nígbà tó yá, epo ń lọ sílẹ̀. Bàbá ní ká dúró ká pín in. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan gálọ́ọ̀nù. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, ó sì dà á fún máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń pín oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ó tiẹ̀ súre fún táńkì kọ̀ọ̀kan.

A rìn díẹ̀. Tèmi wúkọ́, ó dákẹ́. Káfíńtà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí tirẹ̀ náà wúkọ́. Ti Bàbá ló kú kẹ́yìn, bó ṣe yẹ àgbà.

Oòrùn ti mú. Ọ̀dà ojú títì gbóná bí ìdí ìkòkò. A ká sùtánà sókè, a fi ọ̀já dè é mọ́dìí, a ń ti máṣíìnì, a sì ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí ọ̀dà. Bàbá ní ká gba inú koríko. Ẹ̀gún wà nínú koríko. A dá ọkọ̀ dúró títí. Bí àwọn awakọ̀ bá ti rí ọkùnrin mẹ́ta láṣọ funfun, láìwọ bàtà, lẹ́bàá igbó, ńṣe ni wọ́n ń tẹná mọ́ ọn. Ọ̀kan tiẹ̀ pariwo "Jésù!" kọjá.

"Jésù kẹ̀!" káfíńtà ké tẹ̀ lé e. "Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ náà lo fi sílẹ̀ yẹn!"

Nígbà tá a máa fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Odò Ọbà, aago mẹ́wàá ti kọjá. Mẹkáníìkì tú ìdí táńkì mi, ó da ohun tó jáde sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún máṣíìnì lómi mu?"

"Omi kẹ̀?" Bàbá ní.

Mo tú gálọ́ọ̀nù kejì, mo gbé e símú káfíńtà. Káfíńtà wo Bàbá. Bàbá wo ojú ọ̀run.

"Bàbá," káfíńtà ní, "ẹ ti ṣe ìsàmì fún máṣíìnì."

"Imú mi dí, ọmọ mi. Imú mi ló dí."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di igi mú. Àfi ìgbà tí mo wẹ̀yìn tí mo rí i pé káfíńtà ti jókòó sórí táyà, ó gbórí lé ọwọ́.

"Ó ti sọ ọ́ lórúkọ," ló ní. "Àna mi kì í pẹ́. Ọmọ mi ti ń jẹ́ orúkọ tí n ò mọ̀, mo sì jókòó síbí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mẹkáníìkì bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fa omi inú táńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Bàbá Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi etí sùtánà rẹ̀ funfun nu púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. A da bẹntiróò gidi sí i, a sì fò lọ.

A gba Ọjà Igbó kọjá. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tá a fi ń gbọ́ orin. Díákónì dúró láàárín èrò, ìwé orin lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ti ha, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti ń tòògbé. Ìyá ìyàwó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ìyàwó yín ò gbọ́mọ jáde o. Ó ní ọmọ ń mu ọmú. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ní ó ṣì ń mu ọmú. Bàbá ní ká kọrin dè é. Orin tán, ó ṣì ń mu ọmú. Bàbá wá ní, 'Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Ṣé kànga ló fẹ́ gbẹ ni?'"

Káfíńtà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Díákónì wò ó, ó wo ẹsẹ̀ wa tó dúdú fún ọ̀dà.

"Àna mi, ṣé bàtà ti tán l'Ọ́yọ̀ọ́ ni?"

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyàwó gbé ọmọ jáde. Ọmọ ń sùn fọnfọn, bóyá láti àárọ̀ ló sì ti ń sùn.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ni," ìyàwó ní, kò wo ojú bàbá rẹ̀.

Bàbá Aládùúrà sún mọ́ díákónì. "Ẹ bá wa wá omi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń gbé omi bọ̀?"

"A gbé e. Ó tán lọ́nà." Mo gé ètè mi jẹ. Bàbá tún ní, "Onítẹ̀bọmi ò sì lè ṣaláìní omi."

Díákónì rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Omi dé. Káfíńtà sọ orúkọ náà sétí ọmọ rẹ̀, ó wá kígbe rẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi ṣe àmín.

Ẹsẹ̀ ò jẹ́ ká lè padà lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn díákónì ló jí mi. Ó ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́mọ dání lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ó ń kìlọ̀ fún un pé kó má kọ́ pípẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó rí mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi gbà á kíá, kó má ba kóòtù mi jẹ́."

Mo gbà á, mo jókòó. Kò pẹ́ rárá tí mo fi mọ ohun tí bàbá àgbà ń sá fún. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ṣàn bọ̀ láti àyà mi dé itan. Mo pe ìyá rẹ̀, kò dáhùn. Mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo jẹ́ kó tọ̀ tán.