Àpótí Ímeèlì Ẹbí Wa

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá tó ń gbé ní fúláàtì tó kọjú sí tiwa ní Mọ́mì. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá náà rárá. Èmi ni mo máa ń jáde nílé wa ní Ìkòròdú láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kí èmi àti ọkọ mi lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ lọ sí Èkó, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ìgbà tí mo bá fi máa padà dé, ọmọ ti sùn. Ẹni tó ń fún un lóńjẹ ọ̀sán, tó ń bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn rẹ̀, tó sì ń gbọ́ ohun tí tíṣà sọ, ẹni náà ló pè ní ìyá. Lọ́jọ́ tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn. Ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú ń wá akọ̀wé. Ọ̀kadà kan péré ni láti ilé wa! Mo kà á, mo tún un kà, ìgbà kẹta ni mo tó rí ìlà ìsàlẹ̀: ímeèlì nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá gbé lẹ́tà wá sí géètì, kó máa gbé e padà lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Èmi tí mo ti ń fi taipuráítà jẹun láti ọdún mẹ́tàlá!

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí fóònù alágbèéká dé ọwọ́ irú àwa yìí. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì wa ní Èkó, inú yàrá ọ̀gá ló wà, wọ́n fi aṣọ bò ó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Sátidé dé, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kafé kọ̀ǹpútà kan ní Benson, nínú Ìkòròdú, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà ni kafé náà wà. Obìnrin tó ni ín kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, òun náà sì ti ṣe taipíìsì rí. Ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ó fi mí jókòó, ó sì fi máòsì lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa wọ́ ọ lórí tábìlì. Mo ń wọ́ ọ lọ, ọfà kékeré tó wà lójú síkíríìnì ń tẹ̀lé mi, inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi ìgbà tí tábìlì tán tí ọfà kò tíì débi tó ń lọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní tábìlì tó tóbi ju èyí lọ ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Madam, ẹ gbé e sókè, ẹ dá a padà sí àárín, kẹ́ ẹ tún máa wọ́ ọ lọ."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọfà dúró síbi tó wà títí mo fi gbé máòsì balẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi. Mo pariwo. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Nígbà tó kan kíbọ́ọ̀dù, mo gbé ọwọ́ taipuráítà tì í, mo ń lù ú gbàmù gbàmù, àwọn tó wà ní kafé yíjú padà. "Jẹ́jẹ́, madam, kò ṣẹ̀ yín o," ni obìnrin náà wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde láìjẹ́ pé mo wo ìka mi, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó tì mí. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń pa àṣìṣe rẹ́ láìsí ọ̀dà funfun tí a máa ń kùn sórí bébà, bí wọ́n ṣe ń gé odindi ìpínrọ̀ níhìn-ín tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń tún odindi ojú ìwé tẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Inú bí mi sí gbogbo àwọn ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kejì, mo ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kí ọjọ́ tó rọ̀, mo ti ní àdírẹ́sì ímeèlì, mo ti ní pásíwọ̀ọ̀dù, mo ti tẹ CV mi, obìnrin náà sì ti kọ́ mi bí mo ṣe máa so ó mọ́ lẹ́tà. Mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀. Síkíríìnì ní ó ti lọ.

"Ó ti lọ síbo?"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn."

Mi ò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì o. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Benson délé, n kò mọ̀ pé mo rìn.

Ìṣòro kan ló kù. Tí wọ́n bá fèsì, ta ni yóò rí i? Kí kafé tó ṣí láàárọ̀, mo ti wà ní Èkó, kí n tó dé, wọ́n ti tì í. Tí wọ́n bá kọ̀wé pè mí ní Mọ́ńdè pé kí n wá ní Tọ́sìdeè, Sátidé ni màá tó mọ̀. Nígbà náà ni mo ronú kan bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́.

Nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ní àpótí lẹ́tà tirẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní ní ilé ìfìwéránṣẹ́, orí ìṣó ní pálọ̀ bàbá mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa ń wà. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló ń ṣí àpótí, àwọn ló ń ka lẹ́tà fún ẹni tó ni ín, àwọn náà ló sì máa ń fèsì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí lójú tiwọn, kéèyàn gba lẹ́tà kó má fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ímeèlì lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Sátidé kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa bá mi ṣí àpótí ímeèlì mi wò. Bàbá mi ti múra kí n tó dé: bùbá àti ṣòkòtò funfun, fìlà, awò ojú, páìlì kan lábẹ́ apá, bí ẹni tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tá a dé kafé tó wà nítòsí àwọn ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sinmi. Wọ́n tún un tẹ̀.

"Ẹ yára, Bàbá! Ẹ tẹ méjèèjì léra!"

"Kí ni mò ń sáré lé? Àbí ó ń sá lọ ni?"

Ohùn mi ti fẹ́ máa le, mo bá rántí ara mi níwájú tábìlì tó tán. Mo fi sùúrù di ọwọ́ wọn mú lórí máòsì, a jọ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè gba máòsì lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni wọ́n fi báírò pupa kọ sínú páìlì, ọ̀kan títí dé mọ́kànlá. Mo bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà kejì, mo fi lẹ́tà kékeré ránṣẹ́ sínú àpótí náà, mo ní kí wọ́n máa wò ó. Ó já sílẹ̀ níwájú wọn.

"Alihamudulilai! Ó wọlé! Kò sì sí sítáǹbù kankan lára ẹ̀!" Gbogbo kafé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo fi pásíwọ̀ọ̀dù sílẹ̀ fún wọn, mo gba ilé lọ.

Ní Wẹ́sìdeè, fóònù mi dún lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi ni. "Wọ́n ti pè ọ́ o! Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá àárọ̀, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo sì ti fún wọn lésì."

Mo fò sókè, mo dì mọ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Mo rò pé wọ́n kàn sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé màá wá ni.

Àfi ìgbà tó di Sátidé, tí mo padà sí Benson, tí mo ṣí ibi tí lẹ́tà tá a ti fi ránṣẹ́ máa ń wà. Lẹ́tà bàbá mi gùn ju CV mi lọ. Òyìnbó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kí ìyàwó àtọmọ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà kí ẹ̀rọ wọn má bàjẹ́. Wọ́n ní gbogbo ẹbí ti gba ìwé wọn tayọ̀tayọ̀, inú ẹbí sì dùn pé ọmọ àwọn ni ojú wọn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ bí ẹbí ìyàwó ṣe ń dáhùn lẹ́tà ìtọrọ rí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n ní láti kékeré ni mo ti mọ́ tónítóní, bí mo tilẹ̀ máa ń tètè bínú. Ní ìparí, wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ti ń pe ará ilé kejì ní ìyá, tí wọ́n bá gbà mí síṣẹ́, wọ́n ti bá àwọn dá ìyá padà fún ọmọ. Wọ́n wá fi ọjọ́ orí wọn sí i, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n ní ọwọ́ ara àwọn làwọn fi tẹ̀ ẹ́.

Kíá ni mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Mo mí kanlẹ̀, mo sọ fún obìnrin tó ni kafé pé mo ti gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ó ní, "Madam, ẹ̀dà tiyín lẹ pa rẹ́. Tiwọn wà lọ́wọ́ wọn."

Mo pe bàbá mi níbẹ̀. "Bàbá, iṣẹ́ ni mò ń wá, mi ò wá ọkọ!"

"Ẹni tó ránṣẹ́ pe ọmọ mi wá sílé rẹ̀, kó mọ̀ pé ọmọ náà níbi tó ti wá. Kí ló burú nínú ìyẹn?"

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́!" Mo sì pa fóònù mọ́ wọn létí. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí, mi ò sì tíì tún ṣe é mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èèyàn mẹ́ta ló jókòó níwájú mi. Mo rí lẹ́tà bàbá mi lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ẹnì kan sì ti fa ìlà sábẹ́ ibì kan nínú rẹ̀. Ìtìjú bò mí débi pé mo ń wo bàtà mi. Ọ̀gá tó jókòó láàárín gbé e sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá mi ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé òótọ́ ni pé àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Fún ọdún mélòó?"

"Sátidé kan, sà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wojú ara wọn. Ọ̀gá náà ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní àwọn ti ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn àgbàlagbà tó wà ní sítọ́ọ̀ kò sì gbà láti fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ti ọmọdé ni. Tíṣà mẹ́ta ti wá, wọ́n sì ti bá wọn jà lọ. Ó bi mí bóyá mo lè fi sùúrù kọ́ wọn bí mo ṣe kọ́ bàbá mi. Mo gbàgbé ìtìjú. Mo dìde lórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàlàyé bí máòsì ṣe ń dé ìparí tábìlì, bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e padà sí àárín, ẹ̀rín sì pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé lẹ́tà kan fún mi láti tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó mu omi inú ife wọn tán, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀.

Mo pe bàbá mi láti ẹnu géètì, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀ bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ ọ́fíìsì jẹ́, pé àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n tọlọ́run-tọlọ́run pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a parí láago márùn-ún, ọ̀kadà sì gbé mi délé láago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Oòrùn ṣì mú. Ọmọ mi ń ṣeré níwájú ilé pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ó rí mi, ó dúró gbọnin.

"Mọ́mì, ṣé òní ni Sátidé?"

Mo ní, "Rárá o, òní ni Mọ́ńdè."

Ó wo ojú sánmà, ó wo báàgì mi, ó wá wojú mi. "Irọ́ ni," ló wí. "Tó bá jẹ́ Mọ́ńdè ni, ẹ ò ní í sí nílé."